Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Dókítà Mọ Bí Àpò Aláìsàn Ṣe Rí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fi ọrọ̀ wọn wá ìlera, tí ọrọ̀ tán, tí ìlera kò sì dé. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, nínú 100 náírà tí a bá ná sórí ìtọ́jú àìsàn, ó lé ní 70 náírà tó ń jáde tààrà láti àpò aláìsàn tàbí ti àwọn ẹbí rẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù nínú wa ni kò tíì wọ inú ètò náà. Nítorí èyí, bí dókítà bá mú bírò, tó kọ orúkọ àyẹ̀wò mẹ́ta sórí ìwé, kì í ṣe àyẹ̀wò nìkan ló kọ. Ó ti kọ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, tàbí owó ilé-ìwé ọmọ, tàbí gbèsè.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ǹjẹ́ ó yẹ kí dókítà mọ bí àpò aláìsàn ṣe rí kó tó tọ́jú rẹ̀? Àbí iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo àrùn, kí ẹlòmíràn máa ro ti owó? Ìbéèrè kejì so mọ́ ti àkọ́kọ́ yìí. Bí dókítà kan bá ń náwó aláìsàn bí ẹni pé kò lè tán, tí èkejì sì ń ṣọ́ ọ ná, níbo ni ìyàtọ̀ wọn ti wá? Ṣé láti ilé tí wọ́n bí wọn sí ni, àbí láti ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́?

Dókítà ẹbí ni mo ní lọ́kàn jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dókítà tí kò rí ibi lọ ni dókítà ẹbí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà ẹbí náà lo ọdún 6 ní yunifásítì, ó fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé-ìwòsàn, ó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ló tún wá padà lọ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú gbogbo ilé, láti orí ọmọ ọwọ́ dé orí arúgbó. Ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá wa, òun ló sábà máa ń wà níbi tí gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ dé bí wọ́n bá ti gba káàdì tán. Òun ló ń pinnu ẹni tí yóò gba oògùn lọ sílé, ẹni tí yóò lọ sí láàbù, àti ẹni tí yóò lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ nípa ọkàn tàbí kíndìnrín. Ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà tí owó ń gbà jáde ló jókòó sí. Bó bá mọ̀ ọ́n ṣọ́, ọ̀pọ̀ owó ni kò ní jáde lásán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi ìkọ́ṣẹ́. Yorùbá ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ JAMA. Wọ́n yẹ iṣẹ́ dókítà 2,851 wò, àwọn dókítà ẹbí àti àwọn tó ń tọ́jú àrùn inú ara àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n parí ìkọ́ṣẹ́ láàárín ọdún 1992 sí 2010. Wọ́n ṣírò iye tí ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lábẹ́ dókítà kọ̀ọ̀kan ń ná ètò ìlera ìjọba. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní agbègbè tí wọ́n ti ń náwó púpọ̀ ń náwó ju àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní agbègbè tí wọ́n ti ń ṣọ́ owó ná lọ. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ipa ibi tí dókítà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí kúrò, ìyàtọ̀ náà ṣì tó ìdá 7 nínú 100. Ó hàn jù lọ lára àwọn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lára àwọn tó ti lo ọdún 16 sí 19, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ mọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé dókítà kì í fi ìwé nìkan kọ́ iṣẹ́, ó ń kọ́ àṣà pẹ̀lú. Ìkejì ni pé àṣà náà kì í ṣe kádàrá. Ohun tí a kọ́, a lè kọ́ òmíràn lé e lórí.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ́ ìnákúnàá láìmọ̀? Ẹ fojú inú wo ọ̀dọ́mọdé dókítà kan tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù. Ọ̀gá bi í léèrè, níwájú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé, "Kí ló dé tí o kò ṣe àyẹ̀wò báyìí-báyìí?" Ojú tì í. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe gbogbo àyẹ̀wò tó wà lórí fọ́ọ̀mù, kò sì sí ẹni tó bi í pé, "Kí ló dé tí o fi ṣe eléyìí? Èló ni aláìsàn san?" Bó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, yóò wọ̀ ọ́ lọ́kàn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi àyẹ̀wò sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a ṣe é láìnídìí. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níwà ìkà. Ẹ̀rù ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹ̀rù náà kò ná dókítà ní kọ́bọ̀, aláìsàn ló ń san án.

Àyẹ̀wò tí kò nídìí tún máa ń bí ọmọ. Bí a bá ṣe àyẹ̀wò púpọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ọ̀kan nínú wọn lè sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. A ó wá ṣe àyẹ̀wò kejì láti mọ̀ bóyá àkọ́kọ́ purọ́, a ó ṣe ẹ̀kẹta láti là wọ́n níjà. Kí a tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan, owó ti lọ, oorun ti lọ, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tí kò ru tẹ́lẹ̀ sì ti ru.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Màmá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi, ń ta èlùbọ́ ní Ìsẹ́yìn. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n lọ sí ilé-ìwòsàn aládàáni kan. Dókítà tẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó kọ àyẹ̀wò ọkàn, ti kíndìnrín àti ti ẹ̀dọ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí ẹsẹ̀ wíwú lè jẹ́ àmì àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín lóòótọ́. Èsúsú tí Màmá àgbà kó, tí wọ́n fẹ́ fi ràn wá lọ́wọ́ san owó ìdánwò WAEC mi, ni wọ́n fi san án. Gbogbo èsì jáde pé kò sí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ṣì ń wú. Wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Ìbàdàn wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àbúrò ìyá mi ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹbí kan ní ilé-ìwòsàn ìjọba. Dókítà náà kí wọn dáadáa, ó wo àwọn èsì tí wọ́n kó wá, ó wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ ń lò nílé? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde kí n rí i." Màmá àgbà tú ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ inú báàgì wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí wọ́n ń pè ní amlodipine wà nínú rẹ̀. Oògùn gidi ni, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn kan tó ń lò ó wú. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra wọn láé. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ẹsẹ̀ ti fà. Bàbá mi ya owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti san owó ìdánwò mi.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ṣòfò pátápátá. Dókítà kejì fúnra rẹ̀ sọ pé èsì wọn fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ìbéèrè nípa oògùn ló kọ́kọ́ wáyé ni, bóyá ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ì bá ti tó. Ìbéèrè kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Ohun tó gbà ni àkókò, àti pé kí ẹnì kan ti kọ́ dókítà pé kó máa bi í.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan lè sọ pé ilé tí wọ́n ti bí dókítà ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n á ní ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ọmọ tálákà ló mọ ìyà tálákà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1923. Ó kàwé ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ. Dókítà ẹbí kọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó padà sílé, kò dúró de ìgbà tí owó yóò wà láti kọ́ wọ́ọ̀dù ńláńlá bíi ti Òyìnbó. Ní ọdún 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé-ìwòsàn, tí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò jókòó tì í. Òyìnbó ló kọ́ ọ níṣẹ́, ilé ló kọ́ ọ ní bí yóò ṣe lo iṣẹ́ náà. Ètò yẹn dín owó kù, ó sì di mímọ̀ káàkiri àgbáyé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti náà ń bẹ, ẹni tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Onímọ̀ nípa àìsàn àwọn ọmọdé ni. Nígbà tirẹ̀, wọ́n tẹra mọ́ ìlera alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára wọ ìgbèríko, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá láti fi omi, iyọ̀ àti ṣúgà gba ẹ̀mí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kì í ṣe ilé tálákà ni wọ́n bí Ransome-Kuti sí. Ilé olókìkí ni. Síbẹ̀ ó mọ ohun tí apá ìyá tó wà lábúlé ká.

Níbẹ̀ ni mo ti yà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ní ilé ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ olówó lè kọ́ láti mọ ìṣòro aláìní, ọmọ tálákà náà sì lè gbàgbé. Mo tilẹ̀ rò pé ọmọ tálákà ní ìdánwò kan tí ọmọ olówó kò ní. Èmi tí mò ń kọ èyí wà ní SS3, mo sì fẹ́ kàwé ìṣègùn. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ jáde ni àwọn ẹbí ti ń pè mí ní "Dókítà wa". Wọ́n ní èmi ni n ó tún ilé yìí ṣe. Èmi ni n ó rán àwọn àbúrò níwèé, èmi ni n ó gbé ìyá mi lọ sí Mẹ́kà. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé: bí gbogbo ilé bá ta ilẹ̀ rán ẹnì kan lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, tí gbogbo ilé sì ń retí èrè, lára ta ni èrè náà yóò ti jáde? Lára aláìsàn ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó yá owó kàwé ló ń jáde pẹ̀lú gbèsè tó tó nǹkan bíi 200,000 dọ́là. Owó tí dókítà ẹbí ń gbà níbẹ̀ sì kéré sí ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí tó ń tọ́jú ọkàn. Ẹni tó ru gbèsè kò lè ṣaláì wo ibi tí owó wà. Ní Kúbà ẹ̀wẹ̀, ìjọba ló ń sanwó ẹ̀kọ́ dókítà. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń fi dókítà ẹbí àti nọ́ọ̀sì sí àárín àdúgbò, kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, kí wọ́n sì máa bẹ̀ wọ́n wò nílé. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan dára níbẹ̀. Owó oṣù àwọn dókítà Kúbà kéré púpọ̀, ìyẹn náà sì ní ìṣòro tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ẹni tó sanwó ẹ̀kọ́ dókítà ló ń retí èrè. Bí ìlú bá sanwó, ìlú ló ni èrè. Bí ẹbí bá sanwó, ẹbí yóò béèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọ́n á ní bí dókítà bá ti ń wo àpò kó tó wo àrùn, yóò máa fún olówó ní ìtọ́jú gidi, yóò sì máa fi èyí tó kù díẹ̀ káàtó tu tálákà lójú. Ẹ̀rù yìí tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni a lè gbà mọ àpò ènìyàn. Ẹnì kan lè mọ̀ ọ́n kó fi díwọ̀n iyì ẹni náà. Ìyẹn burú. Ẹlòmíràn lè mọ̀ ọ́n kí ìtọ́jú tó kọ má bàa dúró sí agbede méjì ọ̀nà. Oògùn tí aláìsàn kò rí owó rà kì í wo àrùn. Oògùn ọgbọ̀n ọjọ́ tí aláìsàn ń gé sí méjì kó lè tó ọgọ́ta ọjọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí dókítà kò bá mọ èyí, yóò rò pé oògùn náà kò lágbára tó, yóò sì kọ èyí tó wọ́n jù ú lọ. Àìmọ àpò aláìsàn ti wá di àìmọ àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ara ìmọ̀ ìṣègùn ni mímọ àpò aláìsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akápò ilé-ìwòsàn nìkan.

Àtakò kejì ni pé ìtọ́jú tí kò wọ́n lè fi àrùn ńlá pamọ́. Òun náà jẹ́ òótọ́, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí dókítà máa sá fún àyẹ̀wò. Ẹ wo ibà. Ọ̀pọ̀ wa, bí ara bá ti gbóná, oògùn ibà là ń rà. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa ṣe àyẹ̀wò kí a tó lo oògùn ibà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìka ló gbà, èsì rẹ̀ sábà máa ń jáde láàárín nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí kì í bá ṣe ibà, a ti gba ara wa lọ́wọ́ oògùn tí kò ní ṣiṣẹ́, a sì tètè wá ohun tó jẹ́ gan-an. Àyẹ̀wò yìí ń dín owó kù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n bó bá ba kíndìnrín jẹ́, ẹ̀rọ ni yóò máa bá aláìsàn fọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ayé rẹ̀ tàbí títí wọn yóò fi rí kíndìnrín mìíràn fún un. Ilé mélòó ló lè san ìyẹn? Ọgbọ́n dókítà ẹbí ni kó mọ ìgbà tí kékeré yóò gba ńlá là, àti ìgbà tí ńlá fúnra rẹ̀ ti di dandan.

Kí wá ni ṣíṣe? Mo rò pé ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa máa fi oṣù mélòó kan rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí ilé ìlera alábọ́dé lábúlé àti lẹ́bàá ọjà, kí ó má jẹ́ ilé-ìwòsàn ńlá nìkan ni wọn yóò mọ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ wọn ní iye tí oògùn àti àyẹ̀wò jẹ́, kí ọ̀gá sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè méjèèjì: kí ló dé tí o kò ṣe é, àti kí ló dé tí o fi ṣe é. Ó yẹ kí ìjọba gbé ẹrù ẹ̀kọ́ kúrò lórí ẹbí, kó sì san owó oṣù tó nítumọ̀, nítorí a kò lè sọ fún dókítà pé kó ṣàánú aláìsàn nígbà tí kò sí ẹni tó ṣàánú òun. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà pé kí ọmọ yín di dókítà tó mọṣẹ́, kí ẹ tó gbàdúrà pé kó di dókítà tó lówó. Àwa aláìsàn náà sì ní ipa tiwa. Kí a yé rò pé dókítà tó fa omi sí wa lára, tó gún wa lábẹ́rẹ́ ló mọ̀wé, pé èyí tó jókòó bi wá ní ìbéèrè kò mọ nǹkan kan. Bí a bá ń lọ sí ilé-ìwòsàn, kí a kó gbogbo oògùn tí à ń lò dání.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí dókítà mọ bí àpò aláìsàn ṣe rí. Ilé tó ti wá lè ṣí etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkọ́ṣẹ́ ló ń tọ́ ọwọ́ rẹ̀, ìfẹ́ inú rẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá yóò máa bá àṣà tó kọ́ lọ tàbí yóò tún un ṣe. Ẹni tí a gbé ẹ̀mí lé lọ́wọ́, a ti gbé oúnjẹ ilé náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí n dé ibẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n fi ìwọ̀n méjèèjì wọn iṣẹ́ mi.